Ilé kéré, ohun ìṣeré ọmọ pọ̀: kí lẹ fi ń kó tiyín sí?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé, ọmọ mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀. Àkọ́bí ti pé ọmọ ọdún méje, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò ni, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ti bà, ẹnu ló ń gbé e lọ. Ohun ìṣeré pọ̀ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá mi kì í wá kí wa lọ́wọ́ òfo. Bùrọ̀dá ọkọ mi tó wà l'Amẹ́ríkà, bó bá ti di ìparí ọdún, á kó ti ọdún náà sínú dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ẹ wá fi èyí tí wọ́n ń gbà bọ̀ níbi ọjọ́ìbí àwọn ọ̀rẹ́ wọn kún un.

Inú báfù ńlá kan ni gbogbo rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí ọmọ bá ń wá bọ́ọ̀lù kékeré kan, ṣe ló máa dojú báfù náà dé, gbogbo ẹ̀ á tú yáá sílẹ̀: mọ́tò tí kò ní táyà mọ́, orí bèbí, Lego, àjákù kérayọ̀n, ìdérí bíírò. Á mú bọ́ọ̀lù, á bá tirẹ̀ lọ. Bí iná bá wá lọ lálẹ́, kò sẹ́ni tó lè ti pálọ̀ dé kíṣìnnì kó má tẹ nǹkan. Àbíkẹ́yìn yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yọ bàtà bèbí lẹ́nu rẹ̀, kékeré báyìí, kò tó èékánná àtàǹpàkò mi.

Kí lẹ fi ń kó tiyín sí? Ta ló ń kó o, ẹ̀yin ni àbí àwọn ọmọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ilé rẹ́ǹtì ni, owó ọwọ́ wa kò sì lè ra kọ́bọ́ọ̀dù olówó ńlá.

Ìyá Ìbejì (Òṣogbo)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni àwọn tèmi, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Apẹ̀rẹ̀ ńlá kan ni mò ń lò, mi ò sì tíì rí ohun tó máa mú kí n fi í sílẹ̀. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, kíá la ti kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, pálọ̀ á mọ́. Bí ẹ bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta máa ya mọ́tò sọ́tọ̀, kó ya bèbí sọ́tọ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe é parí. Ẹ kàn wá apẹ̀rẹ̀ tó gbòòrò tí kò jìn, kí wọ́n lè máa rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láì dà á nù.

Tíṣà Jẹ́léósinmi (Abẹ́òkúta)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn o, Ọlọ́run á wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ tí kò jìn yẹn, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ohun tó bá jìn, ọmọ kò ní fara balẹ̀ wá nǹkan nínú rẹ̀, dídà ló máa dà á.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iye nǹkan tó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń yọ Màmá lẹ́nu ju báfù lọ. Bí ẹ bá ra báfù mẹ́wàá, tí gbogbo ohun yẹn sì ṣì wà nílẹ̀ papọ̀, ẹ ó máa ṣa á lójoojúmọ́ ni.

Ní kíláàsì mi, n kì í gbé gbogbo nǹkan jáde. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń wà lórí pẹpẹ, ìyókù wà nínú páálí. Bí mo bá rí i pé wọn ò fọwọ́ kan ohun kan mọ́, a ó gbé e lọ sinmi, a ó sọ òmíràn kalẹ̀. Ohun tí wọ́n ti gbàgbé á tún di tuntun lójú wọn. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Ọmọ 36 ni wọ́n bá ṣe é, láti ọmọ oṣù 18 sí ọmọ oṣù 30. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kó ohun ìṣeré 4 síwájú ọmọ. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n kó 16. Nígbà tó jẹ́ 4, àwọn ọmọ pẹ́ nídìí nǹkan kọ̀ọ̀kan ju ìgbà tó jẹ́ 16 lọ, oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n sì ń gbà fi ohun kan náà ṣeré. Ohun tí ojú èmi náà ń rí nìyẹn. Ọmọ tí nǹkan bá pọ̀ níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í balẹ̀ lórí ọ̀kankan.

Maria Montessori, dókítà ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù ní 1907, kọ́bọ́ọ̀dù tó rẹlẹ̀ ló lò, èyí tí ọwọ́ ọmọ tó. Nǹkan kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ọmọ á mú un fúnra rẹ̀, á dá a padà síbi tó ti mú un. Àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù àdúgbò San Lorenzo ló fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ olówó ni.

Bí mo bá jẹ́ yín, Màmá, màá dúró de ọjọ́ Sátidé kan tí a ò níbi tí à ń lọ. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ da gbogbo rẹ̀ sí i, kí àwọn ọmọ náà jókòó yí i ká. Mọ́tò lọ́tọ̀, bèbí lọ́tọ̀, Lego lọ́tọ̀, kérayọ̀n lọ́tọ̀. Èyí tó ti fọ́ tí kò ṣe é tún ṣe, kó kúrò nínú ilé lọ́jọ́ náà. Ẹ wá fún oríṣi kọ̀ọ̀kan ní ike tirẹ̀, kó jẹ́ èyí tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè dá gbé. Ike áísìkirìmù lítà mẹ́rin ti tó. Àkọ́bí ti mọ̀wé, ẹ jẹ́ kó kọ MỌ́TÒ sára ike mọ́tò. Àbúrò rẹ̀ tí kò tíì mọ̀wé, kó ya mọ́tò sórí páálí pelebe, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ike. Bí mọ́tò tó yà bá jọ ìgbín, ẹ má tún un ṣe. Òun mọ ohun tó yà, á sì máa kó mọ́tò síbẹ̀.

Dádì Ilé (Ìkòròdú)

Tíṣà, ẹ kú làálàá. Ibì kan ni mi ò bá yín dé, ìyẹn gbígbé ohun ọmọ pamọ́. Ẹ̀bùn ni wọ́n fún ọmọ. Bí bàbá àgbà rẹ̀ bá ra mọ́tò fún un, ohun ìní rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gbé bèbí ọmọ mi obìnrin gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹkún ló fi sùn, ó rò pé a ti mú un fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé ilé ọ̀pọ̀ ayálégbé ni tiwa. Bí a bá ti ṣílẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, àwọn ọmọ yàrá kejì àti ìkẹta ti wọlé nìyẹn. Ohun tí ẹ fi gbogbo òwúrọ̀ tò, wọ́n á tú u ká kí ẹ tó ṣẹ́jú. Kí lẹ fẹ́ wí fún ọmọ ọlọ́mọ?

Tíṣà Jẹ́léósinmi (Abẹ́òkúta)

Dádì, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ. A kì í gbé e pamọ́ lẹ́yìn ọmọ. Ẹ bi í pé, "Èwo ló fẹ́ lọ sinmi lọ́sẹ̀ yìí?" Òun fúnra rẹ̀ á mú un, á gbé e sínú páálí, á rí ibi tí ẹ gbé páálí sí. Bó bá bèèrè rẹ̀ lọ́la, ẹ gbé e fún un, kó fi òmíràn rọ́pò. Bèbí tó ń gbé sùn kò sí nínú ètò yìí rárá, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ní ti àwọn ọmọ àlejò, ẹní ni kí ẹ fi ṣe ààlà. Ike kan ṣoṣo ló máa wá sórí ẹní. Bí wọ́n bá fẹ́ òmíràn, ti àkọ́kọ́ á kọ́kọ́ padà sórí pẹpẹ. Kí wọ́n tó lọ sílé, gbogbo wọn á jọ kó o, ẹ ó sì máa bá wọn kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Mi ò tíì rí òbí tó bínú pé wọ́n ní kí ọmọ òun bá wọn kó nǹkan tó fi ṣeré. Ọmọ ọdún mẹ́ta náà lè ṣe é, Ìyá Ìbejì, bó bá jẹ́ pé nǹkan mẹ́fà méje ló wà nílẹ̀. Bó bá pọ̀ lọ títí, àgbàlagbà pàápàá á sá.

Oníṣẹ́ Igi (Mòkọ́lá, Ìbàdàn)

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, mo fẹ́ fi ohun kan kún un kí ẹnì kan tó lọ náwó.

Àwọn òbí máa ń wá bá mi pé kí n kan àpótí ńlá fún ohun ìṣeré, kó ní ìdérí oníńjì. Mi ò kì í fẹ́ ṣe é. Bí ọmọ bá tẹ orí bọ inú àpótí, ìdérí tó wúwo lè já lé e lọ́rùn. Ọmọ tún lè wọ inú rẹ̀ lọ sá pamọ́, kí ìdérí padé mọ́ ọn, kó má rí afẹ́fẹ́ mí. Bó bá di dandan pé àpótí lẹ fẹ́, ìdérí fífúyẹ́ tí a kàn ń gbé lé e ni kó ní, tàbí kó má ní rárá, màá sì lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Pẹpẹ ló dára jù. Òwe ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Pẹpẹ tiwọn yìí ni kí ọwọ́ wọn tó. Ìpele méjì ti tó. Kí gíga rẹ̀ má ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, kó jìn wọlé ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ gbé ike tí ẹ fẹ́ lò wá sí ṣọ́ọ̀bù ká fi wọn àyè rẹ̀ kí n tó fi ayùn kan pákó, torí pé pẹpẹ tí ike kò wọ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n á kàn máa da nǹkan sí. Pákó tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ ẹlòmíràn lè ṣe é, kò ní gbówó lórí. Màá fi sáńpépà họ gbogbo etí rẹ̀ títí á fi jọ̀lọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù ni pé kí a fi irin onígun dè é mọ́ ògiri. Ọmọ tó ń rákòrò, ohun tó bá kọ́kọ́ rí ló máa dì mú dìde, bí pẹpẹ kò bá sì dúró ṣinṣin, ó lè wó lù ú. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ lándúlọ́ọ̀dù. Ihò méjì ni, símẹ́ńtì díẹ̀ ló máa dí i lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó kúrò. Ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni. Ẹ sì gbé ohun ìṣeré kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, torí bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ọmọ á gun tábìlì yẹn láti mú un.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé (Ilé-Ifẹ̀)

Bàtà bèbí tí Màmá yọ lẹ́nu ọmọ ló mú kí n dá sí i. Màmá, kí ẹ tó tò ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ fi ti àbíkẹ́yìn ṣe.

Ẹ wá páálí roboto tó máa ń ṣẹ́kù bí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá tán. Ohun tó bá lè gba inú rẹ̀ kọjá, kò gbọ́dọ̀ sí nílẹ̀ níbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta wà. Ihò tí àwọn tó ń dán ohun ìṣeré wò ń lò fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 32, ti tíṣù fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, nítorí náà ohun tí kò bá wọ̀ ọ́, ọkàn yín lè balẹ̀ sí i. Fún àkọ́bí ní iṣẹ́ yìí. Ọmọ ọdún méje lè ṣe é dáadáa, á sì mọ̀ pé òun náà ń ṣọ́ àbúrò òun. Gbogbo ohun tó bá kọjá, ike tó ní ìdérí líle ni kó wà, lókè, kí wọ́n máa gbé e jáde nígbà tí àbúrò bá sùn, kí wọ́n sì fi í ṣeré lórí tábìlì. Ẹ má gbàgbé bàlúùnù tó ti bẹ́. Àjákù rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọmọ lọ́fun. Bí ọjọ́ìbí bá ti parí, ẹ ṣa á kó dànù.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló tún kù. Èyí tó rí pelebe, tó ń dán bí owó ẹyọ, ó wà nínú rìmóòtù, nínú ìwé tó ń kọrin, nínú ohun ìṣeré tó ń tanná. Bó bá há sí ọmọ lọ́fun, láàárín wákàtí méjì ó lè jó ẹran ibẹ̀ gan-an. Ẹ wo ẹ̀yìn ohun ìṣeré kọ̀ọ̀kan: ibi tí bátìrì wà gbọ́dọ̀ ní ṣúkúrúù. Èyí tí kò bá ní, ẹ yọ bátìrì rẹ̀, kí ọmọ máa fọwọ́ tì í. Bí ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ṣe é kó bì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Irin òòfà kéékèèké náà burú. Bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n á fa ara wọn nínú ìfun, wọ́n á dá ihò sí i.

Ohun tí ẹ bá sì ń gbé lọ sinmi nínú páálí, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ kó tó wọlé. Omi bátìrì máa ń jò.

Ọmọ Ìbàdàn Ní London

Ẹ kú ilé o. Fúláàtì tí à ń gbé níbí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Màmá lọ, ọmọ méjì sì ń pín yàrá kan. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la sọ di ibi ìkó-nǹkan-sí. Ike pẹrẹsẹ tó ní táyà lábẹ́ ni, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á tì í padà.

Lego ló fẹ́ pa mí tẹ́lẹ̀, títí tí ìyá mi fi gé ańkárá roboto kan, ó tó kí ọmọ mẹ́ta jókòó yí i ká, ó wá fi okùn gba etí rẹ̀ yípo bí okùn ṣòkòtò. Orí aṣọ yẹn ni wọ́n ti ń ṣeré. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á fa okùn, aṣọ á di àpò, gbogbo Lego á wà nínú rẹ̀, a ó fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Télọ̀ yín lè rán an láti inú aṣọ àjókù. Lego sì jẹ́ ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ kó dànù. Èyí tí wọ́n ṣe ní Denmark ní 1958 ṣì ń bá ti òní mu. Bí ti yín bá pọ̀ jù, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín á gbà á.

Mo tún fẹ́ bá àwa tí à ń fi nǹkan ránṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè ká tó rà. Inú wa máa ń dùn bí a bá ń ti nǹkan bọ dúrọ́ọ̀mù, a kì í ronú ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ẹ wo ara páálí náà: bí ẹ bá rí ojú ọmọdé nínú róbótó pupa tí wọ́n fi ìlà dá, tí wọ́n kọ 0-3 sí i, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Èmi ti ń fi owó iléèwé ránṣẹ́ dípò rẹ̀ báyìí, àyàfi bí ọmọ bá dárúkọ ohun kan pàtó.

Ìyá Àgbà (Ọ̀yọ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọgbọ́n. Ọmọ mi tó wà ní London yìí, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Àwa ìyá àgbà náà ń dá kún un. Ṣùgbọ́n ẹ má ní ká wá lọ́wọ́ òfo o, kò ṣe é ṣe. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi àpò kan sílẹ̀ nínú yàrá mi. Ohun tí mo bá rà fún wọn, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Bí wọ́n bá dé fún Iléyá tàbí Kérésì, ọ̀dọ̀ àpò yẹn ni wọ́n ń sáré gbà kí wọ́n tó bọ́ bàtà.

Ọpọ́n ayò bàbá wọn ṣì wà níbẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Àpò aṣọ kékeré kan ni mo fi ń kó ọmọ ayò sí. Kí wọ́n tó kó o, wọ́n gbọ́dọ̀ tò ó mẹ́rin mẹ́rin sínú ihò, kí n rí i pé ó pé. Bí ọ̀kan bá dín, a ó jọ wá a lábẹ́ àga, torí pé ayò tí kò pé kò ṣe é ta. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò mọ òǹkà dé 48, ṣùgbọ́n bí ihò kan bá ní mẹ́ta, òun ló ń kọ́kọ́ rí i.

Tíṣà, ẹ ní kí wọ́n kó èyí tó fọ́ dànù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi ọmọ ná. Ọmọ ọmọ mi fi agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò, wọ́n gbá a mọ́ pàǹtí nítorí pé ó jọ pàǹtí lójú wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n ti rà fún ọmọ yẹn, kò sí èyí tó dùn mọ́ ọn tó o. Ohun tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ẹ fún un láyè tirẹ̀ lórí pẹpẹ.

Tíṣà Jẹ́léósinmi (Abẹ́òkúta)

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni. Pẹpẹ òkè fún ohun tí wọ́n bá ṣe fúnra wọn.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta (Ìbàdàn)

Ọlọ́run á bá mi san oore gbogbo yín. A da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní lánàá. Àkọ́bí di páálí tíṣù mú láti àárọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe é, ó ń ti nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí ohun tí èmi ò bá má rí: ojú tẹ́dì kan tó ti fẹ́ já, òwú kan ṣoṣo ló gbé e dúró. Mo ti gé e kúrò, mo fi òwú dúdú rán ojú tuntun fún un. Àbúrò rẹ̀ ní kí n má fọwọ́ kan mọ́tò tí kò ní táyà, ó ní mọ́tò mẹkáníìkì ni. Ó ti ní ike tirẹ̀ báyìí. Ìdajì ohun tó wà nílẹ̀ ti wà nínú páálí, wọn ò sì tíì bèèrè ọ̀kan.

Àwọn tẹ́dì ló kù. Ọyẹ́ ti fi eruku bò wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì ní bátìrì nínú. Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ wọ́n? Mo tún rí aáyán nísàlẹ̀ báfù.

Ìyá Ìbejì (Òṣogbo)

Ẹ kó tẹ́dì sínú àpò ìrọ̀rí, ẹ so ẹnu rẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ojú àti irun wọn kò ní já. Ẹ fún omi rẹ̀ dáadáa, ẹ sá a sóòrùn títí inú rẹ̀ á fi gbẹ, torí bí inú bá tutù, á máa rùn. Èyí tó ní bátìrì, aṣọ tí ẹ rẹ sómi ọṣẹ ni kí ẹ fi nu ara rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà tí wọ́n ń fi wẹ̀, tó ní ihò nídìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Bí omi dúdú bá jáde, ẹ sọ ọ́ nù.

Ní ti aáyán, bisikíìtì ló ń pè é. A ti fòfin de oúnjẹ lórí ẹní ìṣeré nílé wa. Mo sì ti ń lo ike mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ mi láti ọjọ́ tí Tíṣà ti sọ̀rọ̀. Mọ́tò nìkan ni wọ́n ń dá padà títí di báyìí.

Dádì Ilé (Ìkòròdú)

Mo dán ẹní wò. Ọmọ yàrá kejì ló ń kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe máa kó o.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé, ẹ̀yin Màmá àti Dádì. Oníṣẹ́ Igi, ẹ ó rí wa ní Mòkọ́lá ní Sátidé. Ike márùn-ún la máa gbé wá. Lándúlọ́ọ̀dù ti ní kí ẹ lu ògiri.

Oníṣẹ́ Igi (Mòkọ́lá, Ìbàdàn)

Ẹ máa bọ̀, Mà. Ẹ wọn ògiri náà kí ẹ tó wá, láti ilẹ̀ dé ibi tí sókẹ́ẹ̀tì iná wà, kí pẹpẹ má lọ bò ó mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ ọmọ má sì débẹ̀.